Ẹni Tí Mo Dọ̀bálẹ̀ Fún ní Haridwar

Kí n tó ti India padà dé Thamesmead ní London, fọ́tò mi ti ṣáájú mi débẹ̀. Nínú fọ́tò náà, mo nà gbalaja sílẹ̀, mo dojú bolẹ̀, ère òrìṣà kan tí wọ́n fi òdòdó bò lọ́rùn sì wà níwájú mi gangan. Kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀. Ká ní wọ́n gbé e fún èmi náà pé kí n dá ẹjọ́ rẹ̀, màá ní ọkùnrin yìí ti bọ òrìṣà, kò sí àlàyé tó lè ṣe.

Ọdún kẹsàn-án rèé tí mo ti kúrò nílé. Mi ò ní sọ bí mo ṣe dé ìlú òyìnbó, torí ẹni tó rìn ín mọ̀ ọ́n, ẹni tí kò rìn ín ò ní gbà á gbọ́. Òtútù kọ́ ló kọ́kọ́ dẹ́rù bà mí. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ni. Ní yàrá tí mo gbà ní Thamesmead, mo lè jí ní àárọ̀ Sátidé kí ilẹ̀ sì ṣú, kí n má gbọ́ ohùn ẹnikẹ́ni àfi ti àwọn pẹ́pẹ́yẹ tó wà nínú adágún ẹ̀yìn ilé. Ara wọn ni wọ́n sì ń bá sọ̀rọ̀.

Bó bá ti sú mi, Woolwich ni mo máa ń sá lọ. Iṣu wà ní Powis Street, gàrí wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó jókòó sí ṣọ́ọ̀bù onídìrí, tó ń pariwo pé irun wọn ò tíì gbẹ, náà wà níbẹ̀. Mo máa ń wọ ṣọ́ọ̀bù láìní ohun tí mo fẹ́ rà, kí ẹnì kan ṣáà lè sọ fún mi pé, "Ẹ káàbọ̀, sà." Màá gbé ata kan, màá tún un gbé kalẹ̀, màá sì wọ bọ́ọ̀sì padà sílé.

Care ni iṣẹ́ mi. Mò ń lọ tọ́jú àwọn àgbàlagbà nínú ilé wọn: mo ń wẹ̀ fún wọn, mo ń fún wọn lóògùn, mo ń po tíì, mo sì ń kọ gbogbo ohun tí mo ṣe sórí fóònù kí ọ̀gá lè rí i. Ẹni tó pẹ́ jù lọ́wọ́ mi ni bàbá ará India kan tó ń gbé lókè Woolwich. Ẹlẹ́sìn Sikh ni wọ́n, àwọn tó máa ń wé láwàní tí wọn kì í sì í gé irun. Wọ́n ti ṣiṣẹ́ títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì ní Crossness, níbi tí wọ́n ti ń sẹ́ omi ìdọ̀tí ará London. Rọpárọsẹ̀ ti mú apá òsì wọn, kẹ̀kẹ́ arọ ni a fi ń tì wọ́n kiri, ọwọ́ ọ̀tún náà sì máa ń gbọ̀n. Daddy ni mò ń pè wọ́n, torí mi ò lè la ẹnu mi kí n máa pe orúkọ ẹni tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún.

Lọ́jọ́ kìíní tí mo wọlé tọ̀ wọ́n, mo dọ̀bálẹ̀. Mi ò rò ó, ara ló ṣe é. Daddy rò pé mo ṣubú ni, ni wọ́n bá tẹ bọ́tìnnì pàjáwìrì tó wà lọ́rùn wọn. Ohùn obìnrin kan bú jáde láti inú àpótí tó wà lára ògiri, ó ń bèèrè bóyá kí wọ́n gbé áńbúláǹsì wá. Mo ṣì wà nílẹ̀ níbẹ̀ nígbà tí mò ń ṣàlàyé fún un pé ẹ kú àárọ̀ lásán ni mò ń kí wọn. Láti ọjọ́ náà, mo kàn ń tẹ orí ba díẹ̀, a ó sì bọ ara wa lọ́wọ́.

Bí ìlú òyìnbó ṣe ń gba nǹkan lọ́wọ́ èèyàn nìyẹn. Kò ní jà ọ́ lólè. Wàá kàn rí i lọ́jọ́ kan pé ohun kan wà tí o máa ń ṣe tẹ́lẹ̀ tí o ò ṣe mọ́, o ò sì lè sọ ọjọ́ tí o fi í sílẹ̀. Bàbá mi kú ní ọdún kẹrin mi níbí, nígbà tí ìwé ìgbélùú mi ò tíì jáde. Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú wọn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ń já, ó ń padà, àwọn ẹ̀gbọ́n mi ń dọ̀bálẹ̀ síwájú pósí lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kàn mí, ẹni tó di fóònù mú ní kí n sọ̀rọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ? Èèyàn ò lè dọ̀bálẹ̀ fún bàbá rẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì kan ní Thamesmead. Ó dùn mí nígbà náà, ó ṣì ń dùn mí.

Màámi ló kù mí kù. Àwọn ni olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin aládùúrà ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ní Ìjẹ̀bú-Igbó. Gbogbo Sọ́ńdè, tí ìsìn bá ti parí níbí tó sì parí lọ́hùn-ún, màá pè wọ́n. Wọn kì í béèrè bóyá mo jẹun. Ìwàásù ni wọ́n máa ń béèrè: kí ni pásítọ̀ kà, ẹsẹ kelòó, kí ni mo rí dì mú níbẹ̀. Bí mo bá sùn nínú ìsìn, wọ́n máa mọ̀.

Ìdí tí mo fi dé India ni pé Daddy ní iṣẹ́ mẹ́ta tí wọ́n fẹ́ ṣe kí wọ́n tó kú. Wọ́n fẹ́ lọ sí Amritsar, ibi mímọ́ tó ga jù fún àwọn ẹlẹ́sìn tiwọn. Wọ́n fẹ́ lọ sí Ajmer nítorí ọ̀rẹ́ wọn kan tó ti kú, tó jẹ́ Mùsùlùmí, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Crossness. Wọ́n sì fẹ́ lọ sí Haridwar nítorí ìyàwó wọn tó ti kú, torí ẹlẹ́sìn Hindu ni ìyàwó, ẹ̀bá odò ibẹ̀ ni wọ́n sì ti bí i. Manjit, ọmọ wọn obìnrin, ò lè fi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní tí mo bá lè bá bàbá òun lọ, òun á san gbogbo rẹ̀.

Ìwé mi ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nígbà náà. Màámi ti ń retí pé ẹsẹ̀ mi àkọ́kọ́, ilé ni.

"O rí ọ̀nà India," wọ́n wí lórí fóònù, "o ò rí ọ̀nà Ìjẹ̀bú."

"Iṣẹ́ ni, Màámi. Oṣù Kejìlá ni mò ń bọ̀ nílé."

"Iṣẹ́ wo ló wà nílé òrìṣà?"

"Daddy ò lè dá rìn, Màámi. Èmi ni mò ń tì wọ́n."

"Máa tì wọ́n nígbà náà. Ṣùgbọ́n má tẹ ara ẹ ba fún nǹkan kan níbẹ̀. Ṣé o gbọ́?"

Mo ní mo gbọ́. Mo tún ní mo ṣèlérí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn ò ní kí n ṣèlérí.

Ariwo ló kí mi káàbọ̀ ní Amritsar. Lẹ́yìn ọdún mẹ́sàn-án ìdákẹ́rọ́rọ́, inú mi dùn sí i ju bí mo ṣe lè sọ lọ. Àwọn ọmọdé ń tọ́ mi lápá, wọ́n fẹ́ bá mi ya fọ́tò. A bọ́ bàtà, a fọ ẹsẹ̀, ọkùnrin kan bá mi so aṣọ mọ́rí. Tẹ́ńpìlì wọn tí wọ́n fi wúrà bò wà láàárín omi, gbogbo èèyàn sì ń rìn yí omi náà ká. Daddy ń sunkún, wọn ò nu ojú wọn, torí náà èmi ni mo bá wọn nù ún.

Ilé ìdáná wọn ló jù lójú mi. Ẹnikẹ́ni tó bá wọlé ni wọ́n ń fún lóúnjẹ, olówó àti alágbe jọ jókòó sílẹ̀ lórí ẹní kan náà. Daddy jókòó nínú kẹ̀kẹ́ wọn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, wọ́n sì kọ́ mi pé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gba búrẹ́dì. Nígbà tí a jẹun tán, mo lọ dúró sídìí abọ́, mo ń bá wọn fọ̀ ọ́. Kò sí ẹni tó bi mí pé kí ni mo jẹ́. Ní London, kò sí fọ́ọ̀mù tí mo kọ tí kò ní kí n fa igi sí àpótí tó sọ irú èèyàn tí mo jẹ́. Níbẹ̀, abọ́ ni wọ́n gbé fún mi.

Ní Ajmer, ibojì àlùfáà Mùsùlùmí ayé àtijọ́ kan ni gbogbo èrò ń lọ. Èrò náà pọ̀ débi pé mo fi ara mi ṣe odi fún kẹ̀kẹ́ Daddy. Àwọn onífìlà wà níbẹ̀, àwọn obìnrin tó fi àmì pupa síwájú orí wà níbẹ̀, Daddy tó wé láwàní náà dé, kò sí ẹni tó wò wọ́n lẹ́ẹ̀mejì. Aṣọ àwọ̀ ewé kan ni wọ́n gbé wá láti Woolwich, wọ́n fà á lé ẹni tó ń tọ́jú ibojì lọ́wọ́ pé kó bá wọn tẹ́ ẹ sórí rẹ̀.

Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí ọ̀rẹ́ wọn ò fi wá fúnra rẹ̀ nígbà tó wà láyé.

"Ó ń dúró de ìgbà tó máa fẹ̀yìn tì," Daddy wí. "A jọ ṣàdéhùn ni. Èyí tó bá kẹ́yìn nínú àwa méjèèjì ló máa lọ fún èkejì. Ká ní èmi ni mo kọ́kọ́ kú, òun ni ì bá wà ní Amritsar lánàá."

Haridwar la parí sí. Odò Ganges ń sáré kọjá níbẹ̀, ó tutù, àwọn èèyàn sì ń wẹ̀ nínú rẹ̀ tọmọtọmọ. Daddy wo omi náà fún ìgbà pípẹ́, bí wọ́n ṣe máa ń wo iṣẹ́ tí ẹlòmíràn ṣe. "Mo mọ omi tó dọ̀tí," wọ́n wí. "Mo sọ fún ìyàwó mi. Ó ní òun náà mọ̀ ọ́n, ṣùgbọ́n ìyẹn kọ́ ni ohun tí òun ń bá odò náà sọ." Wọ́n gbé fìtílà kékeré kan tó wà nínú ewé sórí omi. Èmi ni mo di apá wọn mú kó má baà dànù.

Láti ibẹ̀ la lọ sí ilé ẹ̀gbọ́n ìyàwó wọn. Ojúbọ kan wà nínú àgbàlá ilé náà, ère wà láàárín. Bàbá arúgbó náà sì jókòó sórí ibùsùn okùn kan lápá òsì rẹ̀, awọ ara wọn ti fẹ́lẹ́, ojú wọn sì ti ń ṣókùnkùn. Daddy fi ọwọ́ hàn mí, wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi nìyẹn. Ó ń bèèrè ẹni tó gbé mi wá."

Bí bàbá náà ṣe na ọwọ́ wá, mo ti wà nílẹ̀. Kì í ṣe pé mo gbàgbé ìlérí mi. Kò tilẹ̀ sí ìlérí kankan nínú ọ̀rọ̀ náà. Àgbàlagbà ló wà níwájú mi, ó sì ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti fi nǹkan kan sínú ara tí kò rí ibi jáde. Bàbá náà ò pariwo, wọn ò pe áńbúláǹsì. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀, wọ́n ń sọ ọ́ lọ, bí àwọn àgbà wa ṣe máa ń ṣe tí ìwúre bá dùn mọ́ wọn lẹ́nu. Mi ò gbọ́ ọ̀rọ̀ kan níbẹ̀. Mò ń ṣe àmín, mo sì ń sunkún, mo sì mọ̀ pé bàbá mi ni mò ń sunkún fún.

Daddy fẹ́ fi inú rere ya fọ́tò mi. Ọwọ́ wọn gbọ̀n. Ibùsùn okùn bọ́ síta, arúgbó bọ́ síta, ère nìkan ló kù síwájú mi. Wọ́n fi ránṣẹ́ sí Manjit, Manjit gbé e sórí Facebook, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi, ó sì kọ orúkọ mi sí i gàdàgbà. Kí n tó dé, ó ti dé fóònù gbogbo ará ṣọ́ọ̀ṣì wa. Arábìnrin kan tó jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó fi í ránṣẹ́ sí ìyá rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì wà nínú ẹgbẹ́ àdúrà Màámi.

Inú gbọ̀ngàn ilé ìwé kan ní Thamesmead la ti ń ṣe ìsìn. Sọ́ńdè àkọ́kọ́ tí mo padà, ẹni tí a jọ ń ṣe àṣọ́nà ẹnu ọ̀nà ò jẹ́ kí n gbé ìwé orin.

"Bro, wọ́n ti forward ẹ̀ káàkiri o," ó wí. "Pastor ní kẹ́ ẹ wá rí àwọn after service."

Pásítọ̀ wa kì í ṣe èèyàn burúkú. Wọ́n bu omi fún mi, wọ́n béèrè àlàáfíà Daddy, kí wọ́n tó gbé fóònù wọn síwájú mi. Mo ṣàlàyé. Wọ́n fetí sílẹ̀ dáadáa.

"Brother mi, mo gbọ́," wọ́n wí. "But the picture, gbogbo èèyàn ti rí i. Ẹ ṣáà bọ́ síwájú next Sunday, ẹ sọ pé ẹ ṣe àṣìṣe, ẹ tẹrí ba níbi tí kò yẹ, a gbàdúrà fún yín, it's finished. Mummy yín náà ti pè mí. Wọ́n ní tí mo bá ti lè sọ fún àwọn pé ó parí, ọkàn àwọn á balẹ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni màá ní mo tẹrí ba fún?"

"Fún ohun tó wà níbẹ̀."

"Àgbàlagbà ló wà níbẹ̀, sà."

Wọ́n tún wo fọ́tò náà. Wọ́n wò mí. Mo rí i pé àánú mi ń ṣe wọ́n.

Ó rọrùn o. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni níwájú ìjọ, Màámi tí wọn ò gbé ìpè mi mọ́ á sì gbé e. Ṣùgbọ́n bí mo bá ní òrìṣà ni mo bọ, mo ti sọ arúgbó tó súre fún mi di ère. Mo sì ti sọ ohun tí òkú bàbá mi rí gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà di ẹ̀ṣẹ̀. Mi ò lè ṣe é. Mo sọ fún pásítọ̀ pé mi ò ní bọ́ síwájú. Wọ́n gba báàjì àṣọ́nà lọ́wọ́ mi jẹ́jẹ́, wọ́n ní kó ṣì wà lọ́wọ́ àwọn ná.

Sọ́ńdè mẹ́ta ni mo jókòó lẹ́yìn pátápátá. Sọ́ńdè mẹ́ta ni mo pe Màámi, tó dún, tó dún, tó sì kú. Mo mọ̀ pé wọ́n jókòó tì í. Mo mọ bí fóònù náà ṣe máa ń gbọ̀n lórí tábìlì wọn. Mo ti gbé ọdún mẹ́sàn-án níbí, àmọ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta yẹn ni mo tó mọ̀ pé mo dá wà.

Ní Túsìdé kan, bí mo ṣe ń fá irùngbọ̀n... rárá, ẹlẹ́sìn Sikh kì í fá irùngbọ̀n. Bí mo ṣe ń ya irùngbọ̀n Daddy, wọ́n di ọwọ́ mi mú.

"Ta ló kú?" wọ́n bèèrè.

"Kò sẹ́ni tó kú, Daddy."

"Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé tí o ti ń po tíì láìfi ṣúgà sí i."

Mo sọ fún wọn. Wọ́n ní kí n gbé fọ́tò náà wá. Wọ́n fi í súnmọ́ ojú, wọ́n wá ẹ̀gbọ́n ìyàwó wọn kiri lórí rẹ̀, wọn ò rí i. Wọ́n wo ọwọ́ ọ̀tún wọn fún ìgbà díẹ̀.

"Tẹ nọ́ńbà ìyá ẹ sórí fóònù tèmi, kí o sì tan sípíkà rẹ̀," wọ́n wí.

Màámi gbé e lẹ́ẹ̀kan náà, torí wọn ò mọ nọ́ńbà náà. Daddy fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ẹni tí wọ́n jẹ́. Wọ́n ní fọ́tò náà kò dáa, ọwọ́ àwọn ló bà á jẹ́. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó àwọn jókòó síbẹ̀, òun ni ọmọ yín kí, bí ẹ ṣe ń kí àgbà nílẹ̀ yín. Wọ́n ní, "Mama, mo wà níbẹ̀. Ojú mi ló ṣe."

Màámi gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì, ẹnu wọn ni kì í fẹ́ sọ ọ́. Yorùbá ni wọ́n fi dáhùn. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ṣé ẹni tó kí náà dàgbà lóòótọ́?"

Daddy wo ojú mi. Mo túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n ní ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún.

"Ẹ dákun, ṣé ọwọ́ kan ló fi kanlẹ̀, bíi tàwọn ọmọ ìsinsìnyí, àbí àyà ẹ̀ délẹ̀?"

Mo túmọ̀ ìyẹn náà. Daddy rẹ́rìn-ín. "Àyà, ikùn, imú. Gbogbo rẹ̀ ló délẹ̀. Mo rò pé kò ní dìde mọ́."

Mo gbọ́ tí Màámi mí kanlẹ̀. "Bàbá ẹ̀ ì bá rí i," wọ́n wí. "Bàbá ẹ̀ ì bá ṣáà rí i."

Daddy tún wo ojú mi, wọ́n ń retí. Mi ò lè túmọ̀ rẹ̀. Wọ́n rí ojú mi, wọn ò sì béèrè mọ́.

Nígbà tó yá, ohùn Màámi le padà. "Ẹ sọ fún un kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, torí mi ò mọ ohun tí wọ́n fún un jẹ níbẹ̀."

"Màá gbà á, Màámi. Ẹ ṣé, Màámi."

"Ta ló ń bá ẹ sọ̀rọ̀?" wọ́n wí. "Mi ò bá ẹ sọ̀rọ̀. Àgbàlagbà ni mò ń bá sọ̀rọ̀."

Ṣùgbọ́n wọn ò pa fóònù.